Ẹni Tó Dáhùn fún Ẹ̀sán

1

…"Ẹ̀fà!"

"Mo wà."

"Èje!"

"Mo wà."

"Ẹ̀jọ!"

"Mo wà, Àǹtí."

"Ẹ̀sán!"

"Mo wà."

"Ẹ̀wá!"

"Mo wà."

Ó pè wọ́n títí dé èjìdínlógún. Gbogbo nọ́ńbà ló ní ẹnu. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bọ́ọ̀sì ti ń tú èéfín. Àǹtí, olùkọ́ tó kó wọn wá, pàtẹ́wọ́. "Ó yá, ẹ wọlé. Ọkọ̀ òfuurufú kì í dúró de ọmọ ẹnì kankan."

2

(WỌ́N LẸ̀ Ẹ́ MỌ́ ILẸ̀KÙN ILÉ TÍ WỌ́N SÙN SÍ)

ỌJỌ́ ÌKẸYÌN

Aago méje: ẹ di ẹrù yín.
Aago mẹ́jọ: oúnjẹ àárọ̀.
Aago mẹ́sàn-án: etíkun. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ WỌ OMI.
Aago mẹ́wàá ààbọ̀: ìpè nọ́ńbà, lẹ́ẹ̀mejì bí a ti ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan lórí ìdúró, ẹ̀ẹ̀kan nínú bọ́ọ̀sì.
Aago méjì: ọkọ̀ òfuurufú.
Ẹni tó bá pẹ́, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé.

(Ẹnì kan ti fi báírò ya ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ìka mẹ́fà.)

3

Àǹtí pè wọ́n ni, kò kà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Ilé tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí ti dàgbà, àwọn òbí tó kó ọmọ lé e lọ́wọ́ náà sì dàgbà níbẹ̀. Ìyá Ẹ̀sán gan-an ló dìde nípàdé, tó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa na ìka sí ọmọ òun lórí nílùú onílùú. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Bí nọ́ńbà ṣe dé nìyẹn: Àǹtí á pè, ọmọ á dáhùn, ojú Àǹtí á wà lórí ìwé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti gbàgbé orúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n ń pe ara wọn. Ọjọ́ méje gbáko, ẹnì kankan ò sọnù.

4

ÀTẸ̀JÍṢẸ́, aago mẹ́jọ àárọ̀

ÌYÁ Ẹ̀SÁN: Tíṣà wa, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ bá mi sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ò jẹ́ ká sinmi, ó ní ṣé ó ti bá òun mú òkúta etíkun. Òkúta o! Bí ẹni pé kò sí òkúta lẹ́yìnkùlé wa.

ÀǸTÍ: Màá jíṣẹ́ mà. Ẹ má fòyà, ojú mi wà lára wọn.

5

NÍNÚ BỌ́Ọ̀SÌ

ẸNÌ KAN LẸ́YÌN: Àǹtí, ẹ ò tíì pè wá lẹ́ẹ̀kejì.

ÀǸTÍ: A ti pẹ́. Ṣé ẹ ò gbọ́ra yín níta ni? Awakọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ.

Ẹ̀WÁ: Àǹtí…

ÀǸTÍ: Kò sí ẹni tó tún máa lọ tọ̀. Mú un mọ́ra.

(Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì lọ.)

6

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, Àǹtí ń pín ìwé ìrìnnà. Ọwọ́ ń nà, ọwọ́ ń gbà. Èyí tó kù sọ́wọ́ rẹ̀ ní àwòrán Ẹ̀sán, tó pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ ẹ̀yìn ìwé náà wò, bí ẹni pé ọmọ lè wà níbẹ̀.

7

OHUN TÍ AWAKỌ̀ BÁ LÓRÍ ÌJÓKÒÓ Ẹ̀SÁN

báàgì aláwọ̀ ewé kan
fóònù kan, kò níná
ìbọ̀sẹ̀ méjì tí kò bára mu
òkúta mẹ́ta tí wọ́n fi ìwé wé. Lára ìwé náà: *eléyìí ò dán tó*

8

ÀǸTÍ: Ta ló dáhùn?

Ẹ̀WÁ: Èmi ni. Ó ní kí n bá òun dáhùn, òun ò ní pẹ́, òun kàn fẹ́ wá èyí tó dán fún àbúrò òun. Mo rò pé á ti dé kí ẹ tó pè wá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ máa ń pè wá lẹ́ẹ̀kejì, Àǹtí.

ÀǸTÍ: O ò wá lè sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì?

Ẹ̀WÁ: Mo pè yín. Ẹ ní kí n mú un mọ́ra.

10

ỌLỌ́PÀÁ ETÍKUN, LÓRÍ FÓÒNÙ, LÁTI ẸNU ÒGBUFỌ̀

— Ó ní àwọn ti rí bàtà. Ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n tò ó sórí àpáta dáadáa.

— Ọmọ náà ń kọ́?

— Ó ní àwọn ń wá a. Ó ní omi ti ń kún láti aago mọ́kànlá. Ó ní, ṣé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀?

(Àǹtí ò mọ̀. Ọjọ́ méje, kò bi í.)

11

ÌYÁ Ẹ̀SÁN, aago kan: Tíṣà, ṣé ẹ ti wọkọ̀?

12

ÌRÒYÌN ÌṢẸ̀LẸ̀

Olùkọ́ ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n pé. [*a pa á rẹ́*]

Olùkọ́ pe nọ́ńbà, gbogbo wọn dáhùn. [*a pa á rẹ́*]

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ẹ̀tàn dáhùn fún ẹlòmíràn, olùkọ́ kò sì mọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló fi èyí tó gbẹ̀yìn ránṣẹ́. Ó ní kí Àǹtí fọwọ́ sí i, kó sì kó àwọn tó kù wálé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo àgbà tó fẹ́ gbé òkú ẹrù lé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí. Ẹ̀wá jókòó sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Àwọn yòókù ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

13

Ìtàn yìí ti parọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti fo nọ́ńbà kan. Ẹ padà sí 1.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni "Mo wà," lẹ́yìn náà "Mo wà." Ohun tí wọ́n yọ kúrò ni pé ohùn kan náà ni. Òtútù ti mú Ẹ̀wá láti ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti há. Ohùn híhá náà jáde lẹ́ẹ̀mejì, léra-léra.

Àǹtí fẹ́ gbójú sókè.

Aago ló wò.

14

Ó pa *olùkọ́ kò sì mọ̀* rẹ́. Ó kọ: *Mo gbọ́.* Ó fọwọ́ sí i.

Wọ́n ń pe ọkọ̀ wọn. Fóònù ń dún, ìyá Ẹ̀sán ni. Àǹtí tò wọ́n sórí ìlà, ó fa Ẹ̀wá dìde, ó fi í sí àyè rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ méje, ó gbójú sókè, ó na ìka.

"Èje!"

"Mo wà."

"Ẹ̀jọ!"

"Mo wà."

Ìka rẹ̀ dé ibi tí àyè ṣófo. Ẹ̀wá la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ẹ̀sán!"

9