Ìyá Nílìsì Ńkọ́?

Bí mo bá dákẹ́, á padà wálé. Kò ju ìyẹn lọ. Mi ò ní í bá a jà, mi ò ní í sunkún sí i létí. Kí n ṣáà dákẹ́ báyìí, kí fóònù yìí máa sùn lórí itan mi… Fọláhàn ọmọ mi mọ ìdákẹ́ mi. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Ẹgba ni àwọn ọmọ mìíràn ń bẹ̀rù. Tèmi, kí n má sọ̀rọ̀ ni.

"Mummy, mi ò ní ra màlúù kankan tí ẹ ò bá súre fún mi."

Bó ṣe wí nìyẹn lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá. Ọ̀la ni wọ́n máa tà wọ́n fún un, màlúù àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ gbígbọ́ kọ́ ni ìdáhùn, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oòrùn ti wọ inú ọkọ̀. Àwọn ìyá ń kọjá lọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń juwọ́ sí mi, mò ń juwọ́ padà bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì. Ìpàdé àdúrà wa ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ohun tí Àǹtí Fúnmiọlá tó ń darí wa máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Èmi ni mo gbé e fún un. "Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọ kan tó wà lọ́nà jíjìn, kí Olúwa dá a padà." Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá yìí… bí wọ́n bá pa ohùn pọ̀ tí wọ́n ké "dá a padà!" — èmi tí mo wà láàárín wọn láti ìgbà tí mo ti dé Lanham ní Amẹ́ríkà níbí, mo mọ̀ pé Olúwa máa ń dá wọn lóhùn.

Kí ló wá dé tí ẹ̀rù ń bà mí? Ṣebí ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Màlúù. Olúwa mi, màlúù!

Ọmọ tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní ọ́fíìsì, ní Largo níbẹ̀ yẹn, tó ń gbé káàdì kọ́rùn, tí èmi fúnra mi ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì fún. Ìgbà tó yá, ó tún ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ẹja gbígbẹ àti epo pupa kiri fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń háyà ilé nítòsí yunifásítì. Mo ní eré ọmọdé ni, á sú u. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹja ti kọ́ òun lọ́jà títà, òun fẹ́ mọ bí ẹran ṣe ń dàgbà kó tó di títà. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ sí Texas, sí oko màlúù kan. Ìsinmi parí. Ọmọ ò dé.

Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ bínú. Ní báyìí, ó ti sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀: "Ìyá Darandaran! Ṣé ọmọ rẹ ti rí koríko jẹ lónìí?" Á rẹ́rìn-ín. Akínlọ́lá ọkọ mi á rẹ́rìn-ín títí, á wá gbójú sí fèrèsé, kò sì ní lè jẹ oúnjẹ náà tán.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́… "Ìyá Fọláhàn, ọmọ wa dà? Iṣẹ́ wo ló gbé e dé Texas?" Mo ní iṣẹ́ oúnjẹ ni. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ilé oúnjẹ! Mánéjà ni wọ́n fi í ṣe, àbí?" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣé ẹ̀rín músẹ́ lè jẹ́ irọ́? Oúnjẹ ṣáà ni màlúù.

Bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́ tí mo bá kúnlẹ̀, Olùṣọ́ ni mò ń pe Ọlọ́run. Olùṣọ́-àgùntàn mi, Ìwọ tó ń dà wá lọ síbi koríko tútù. Mo wí i tán, mo ṣe àmín, mo dìde, ojú sì ń tì mí pé ọmọ mi ń da ẹran. Ẹ̀rín ló yẹ kí n fi ara mi rín.

Ẹjọ́ Nílìsì ni gbogbo rẹ̀. Nílìsì yẹn!

Gbogbo ọjọ́ ìsinmi, tí mo bá ti bọ́ gèlè, Fọláhàn á pè. "Mummy, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Nílìsì fún yín." Bí ẹni pé bàbá ìyàwó rẹ̀ ni. Ọmọ Sweden ni ọkùnrin náà, láyé àtijọ́, kí àwọn òbí òbí mi tó délé ayé. Kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Amẹ́ríkà. Kò gbọ́ èdè. Ó ń gbé abẹ́rẹ́, òwú, kọfí àti ìkòkò kiri àwọn ilé tó jìnnà síra ní Texas. Ẹsẹ̀ ló fi kọ́kọ́ rìn, ó wá ní ẹṣin, ó wá ní kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Níkẹyìn ó ra màlúù, ó tún ra sí i, títí ojú ò fi tó ìpẹ̀kun ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Oko náà ni Fọláhàn wà. Ìyá arúgbó kan ló ni ín báyìí, ìran Nílìsì, Michelle lorúkọ rẹ̀. Màmá Michelle ni Fọláhàn ń pè é. Mo kọ́ ọ dáadáa, kì í pe àgbà lórúkọ ṣákálá.

"Ṣé ẹ rí i, Mummy? Ọjà ló kọ́kọ́ tà, bíi tèmi."

Mo rí i. Ohun tí èmi ń wá nínú ìtàn náà ò sí níbẹ̀ ni. Ọjọ́ kan mo bi í léèrè: "Ìyá Nílìsì ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa ìyá rẹ̀, Mummy."

"Ṣé ó padà lọ wò ó?"

"Rárá. Kò padà lọ mọ́ láé."

Kò padà lọ mọ́ láé. Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Láti ọjọ́ náà, ìyá òyìnbó tí mi ò mọ̀ rí ti kó wọ ilé mi ní Springdale. Mò ń gé ilá, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mò ń ká aṣọ, ó jókòó. Gbogbo ayé mọ iye ilẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ní, mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mọ ẹṣin rẹ̀. Ta ló gbé e pọ̀n? Ta ló dúró létí omi títí ọkọ̀ fi dà bí èèrà lójú rẹ̀? Ó ti parẹ́. Bí ọmọ bá lọ jìnnà jù, ìyá a máa parẹ́ ni… Kì í ṣe màlúù ni mò ń bá jà. Ẹ gbọ́, kì í ṣe màlúù. Mi ò fẹ́ parẹ́ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dákẹ́.

Àǹtí Fúnmiọlá ti yọ jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń ṣẹ́wọ́ sí mi. Mò ń bọ̀, Àǹtí, mò ń bọ̀.

Fọláhàn ti fi fídíò kan ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mi ò ṣí i. Ẹ̀bẹ̀ ni yóò jẹ́, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì máa ń — rárá. Bí mo bá rí ojú rẹ̀, ìdákẹ́ mi tán nìyẹn. Kí n kọ́kọ́ lọ gbàdúrà ná. Kí wọ́n kọ́kọ́ ké e…

Àmọ́ tí mo bá lọ kúnlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tí mi ò jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀, irú àdúrà wo nìyẹn?

Mo ṣí i.

Koríko. Koríko gbígbẹ títí lọ, òun sì rèé pẹ̀lú fìlà gbòòrò kan lórí. Ó ti dúdú sí i. Ó ti sanra! Ta ló ń bọ́ ọmọ yìí?

"Mummy, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ bi mí nípa ìyá Nílìsì, àbí? Mo bi Màmá Michelle. Ó mọ ìtàn rẹ̀!"

Mo gbé fóònù sún mọ́ ojú.

Ó ní ní abúlé Nílìsì, àwọn obìnrin ló ń da màlúù. Ìyá rẹ̀ ló ń kó wọn gun òkè lọ jẹko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn bá ń rẹlẹ̀, á fi ohùn tó ga pè wọ́n, bí ẹni ń kọrin, wọ́n á sì máa bọ̀. Ọkùnrin kì í pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Nílìsì wá ní màlúù ní Texas, ìjì tú wọn ká, àwọn òṣìṣẹ́ gun ẹṣin tẹ̀ lé wọn títí, wọn ò rí wọn kó jọ. Ló bá dúró sójú kan, ó ké bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ké. Àwọn ọkùnrin fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohùn obìnrin ló ń lò. Màlúù sì ń bọ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní oko yẹn.

"Mo gbìyànjú tiwọn, Mummy. Ohùn mi há, Màmá Michelle rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo wá ṣe tiwa."

Tiwa?

Ó yí fóònù sí inú pápá. Mi ò rí ojú rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́:

"Àlàó o — o — o! Àlàó, ọmọ tí mo fi ààwẹ̀ gbà! Dìde o, ojúmọ́ ti mọ́! Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ o, ibi tí ò ń lọ á gbà ọ́ o!"

Jésù.

Oríkì ara rẹ̀! Ọmọ yìí ń fi oríkì ara rẹ̀ pe màlúù! Mo bú sẹ́rìn-ín, mi ò lè dá a dúró. "Ààwẹ̀" dún bí ẹni ní iṣu gbígbóná lẹ́nu, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, màlúù ò sì mọ ìyẹn. Wọ́n gbórí sókè. Wọ́n ń bọ̀. Ọ̀kan tó ní àmì funfun níwájú orí ń sáré bí ọmọ tó gbọ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Nígbà tó wà ní kékeré, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni mo ti ń ké oríkì yìí láràárọ̀. Á fi ìrọ̀rí bo orí. "Mummy, àwọn aládùúgbò!" Lọ́jọ́ tí Ethan ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn sílé wa, ó ní, "Ṣé orin ni màmá rẹ ń kọ ni?" Ojú ti Fọláhàn gan-an. Mo dẹ́kun. Mo ní kò wọ̀ ọ́ létí rárá, omi ni mo dà sórí àpáta. Àṣé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jábọ́ nínú rẹ̀. Kódà "o" ìparí.

*Ibi tí ò ń lọ á gbà ọ́.*

Dúró ná.

Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, èmi, lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mi ò wí pé kó má lọ. Mi ò wí pé kó dé Largo kó dúró síbẹ̀. Ibi tí ò ń lọ á gbà ọ́, ni mo wí, mo sì ń ṣe àmín sí i. Ibẹ̀ ti gbà á. Màlúù inú pápá pàápàá ti gbà á… Olúwa ti dáhùn, èmi ló kù tí mò ń kó àwọn ìyá jọ kí wọ́n bá mi bẹ̀ Ẹ́ kó gbà á padà. Ìre ló ń tọrọ lọ́wọ́ mi? Ìre ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi pe ẹran!

Ìyá Nílìsì, o ò parẹ́ rárá. Wọn ò kàn mọ ibi tí wọ́n máa wò ni.

Kí n tó wọlé, màá sọ fún Àǹtí Fúnmiọlá pé kó yí àdúrà yẹn padà. Kó má jẹ́ "dá a padà" mọ́. "Bá a lọ" ni kó jẹ́. Màá dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Tí wọ́n bá bi mí níṣẹ́ tó ń ṣe, màá ní màlúù ló ń sìn.

Ó tún ń ṣẹ́wọ́. Àwọn méjì mìíràn ti dúró tì í.

Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí fóònù lè gba ohùn mi ránṣẹ́ sí Fọláhàn. Ọwọ́ mi lọ síbi gíláàsì ọkọ̀ láti gbé e sókè, nítorí àwọn aládùúgbò…

Ọwọ́ mi dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Àlàó o — o — o!