Àga Hẹ́gẹhẹ̀gẹ Lédè Òyìnbó

Mo dojú àga náà dé sórí tábìlì iṣẹ́ mi, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú, mo mì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí Tíṣà rí tí èmi tí mo kàn án kò rí.

Tíṣà ló ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn àga kíláàsì wa ti bàjẹ́, ó sì ní kí n kan ẹyọ kan wá kí òun wò ó. Bó bá dára, èmi ni n ó kan gbogbo ìyókù. Bí kò bá dára, àga onírọ́bà ni wọn yóò rà. Kí n tó gbé pákó kan sílẹ̀ rárá, mo ti fọ́nnu káàkiri àdúgbò pé iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo gbé àga dé, Tíṣà jókòó sí i, ó mi ara díẹ̀, àga náà sì bá a jó. Ó dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó: rickety.

“Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ lọ wá ìtumọ̀ rẹ̀ wá. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ gbé àga padà wá.”

“Hẹ́gẹhẹ̀gẹ ni, mà,” ni mo yára dáhùn, kí wọ́n lè rí i pé orí mi pé.

“Orúkọ tó ń jẹ́ nílé wa nìyẹn. Ohun tó fà á ni mo ní kẹ́ ẹ lọ wá.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín tó tún lejú, ìyà méjì ló fẹ́ jẹ.

Mo délé, mo bi ìyàwó mi, tó ń ránṣọ ní yàrá kejì, pé kí ni wọ́n ń pè ní hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

“Ẹ̀yin ni,” ló wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ wo apá yín bí igi ìṣáná.”

Inú kọ́kọ́ bí mi, àfi bí ọgbọ́n ṣe sọ sí mi lágbárí. Àṣé títẹ́ẹ́rẹ́ ni àrùn náà! Mo yọ ẹsẹ̀ àga, mo fi pákó tó ki bí òpó ilé rọ́pò wọn. Èmi àti ìyàwó mi la jọ gbé àga náà sọ̀kalẹ̀, tí a ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó mi jókòó sí i. Àga jó.

“Ó ti sanra o,” ló wí.

“Ṣùgbọ́n ó ṣì ń jó.”

“Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó sanra kì í jó?”

Mo kan ìṣó mọ́ ọn, pákó là. Mo kan òmíràn síbi tó là, ó là sí i. Mo fi òòlù sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ti ẹ̀ṣẹ́.

Ibi tí mo jókòó sí tí mò ń fọwọ́ lẹ́rán ni mo ti ṣa igi wẹ́wẹ́ mẹ́rin nílẹ̀, mo fi ìṣó kọ̀ọ̀kan so orí wọn pọ̀ bíi férémù fèrèsé. Mo tì í, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo yọ igi kan, mo so mẹ́ta tó kù pọ̀. Mo tì í, kò mira. Mo tún tì í, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó ń wò mí. Igi kan náà, ìṣó kan náà! Inú mi dùn débi pé mo ń ti nǹkan ọ̀hún bí ọmọdé títí ìyàwó mi fi bi mí bóyá mo ti jẹun.

Kì í ṣe igi ni kò lágbára. Oríkèé ni. Ojú mi wá là sí ìwà mi: tí mo bá fẹ́ ki orí igi kan bọnú ihò èkejì, mo máa ń gbẹ́ ihò náà fẹ̀ kó má baà dà mí láàmú, màá wá fi gọ́ọ̀mù àti lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn rẹ́ sílẹ̀ dí àlàfo, bí ẹni fi owú dí ihò eyín. Èmi tí mo kọ́ ara mi níṣẹ́, olùkọ́ ọ̀lẹ ni mo bá pàdé.

Mo dá ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ padà. Mo gbẹ́ ihò tuntun, ó há débi pé òòlù ló bá mi bẹ igi kó tó wọlé. Mo fi igi kékeré dábùú igun kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìjókòó, kí igun mẹ́rin lè di onígun mẹ́ta mẹ́ta.

Tíṣà jókòó, ó mira sọ́tùn-ún, ó mira sósì. Ó pe Wẹ́dà, ajórinmọ́rin tó sanra jù nínú wa, kó wá jókòó. Wẹ́dà ju ara rẹ̀ sí i bí àpò sìmẹ́ńtì. Àga kò dún.

“Ó yá, kí ni rickety?”

“Ohun tí egungun rẹ̀ kò di ara wọn mú, mà.”

“Àtẹ̀gùn ilé yìí tó ń mì ńkọ́?”

“Rickety gidi ni, mà.”

“Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tiyín?”

“Rárá o. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú pátákó, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ àwọn ìyókù. Lẹ́yìn náà ló ti àga tirẹ̀ tó ti gé lẹ́sẹ̀ sí igun yàrá, ó fa tèmi sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì jókòó. Àga kò kù fún mi, orí ìdúró ni mo ti gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.