Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Tí Kò Wò

Èrò kún ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo ṣe ń na ọrùn láàárín àwọn èjìká, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbójú sókè nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sì fò lọ lórí mi.

"Ẹ wí, mò ń gbọ́," ló sọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni mí. Ní Ọjọ́bọ̀, iléeṣẹ́ ńlá kan fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fídíò, iṣẹ́ tí mo ti ń wá láti ọdún méjì. Wáìfáì ilé wa kò sì lè gbé fídíò ìṣẹ́jú kan.

Mo ṣàlàyé fún un, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́, ó wá sílé wa láti wo ẹ̀rọ wáìfáì náà. Màmá kò tíì jẹ́ kó jókòó tó fi pe páásíwọ́ọ̀dù fún un: oókan títí dé ẹẹ́jọ.

"Màmá, fóònù mẹ́tàdínlógún ló wà lórí ẹ̀rọ yín," ló sọ.

"Àwọn aládùúgbò ló bẹ̀ mí. Ó sì rọrùn láti sọ lórí àtẹ̀gùn."

"Ẹni tó bá fẹ́ wo àṣírí ọmọ yín náà, á rọrùn fún un."

Màmá yíjú sí mi. "O ní àṣírí ni?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà ní kí n ṣe páásíwọ́ọ̀dù tuntun, kí n má lo orúkọ, ọjọ́ ìbí tàbí nọ́ńbà fóònù. Kí n wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan, kó gùn dáadáa. Ló bá kọjú sí ògiri, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ ò ní wò ó ni?"

"Ti ilé yín ni. Kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n."

Mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kò pẹ́ tí aládùúgbò wa fi kanlẹ̀kùn. "Ìyá, wáìfáì ti lọ o."

"Ó ti lọ sílé ọkọ," Màmá dáhùn, ó sì tilẹ̀kùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, fídíò kò tilẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ lẹ́tà kan sí ọ̀dọ́kùnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, mo fi pamọ́ sábẹ́ bọ́tìnnì nínú dúróò máṣínì mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Láàárọ̀ yìí, èsì iléeṣẹ́ náà dé. Mo fi ìlà kan kún lẹ́tà náà, mo gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

"Ṣé wáìfáì tún dààmú yín ni?"

"Rárá. Wọ́n gbà mí síṣẹ́." Mo na lẹ́tà náà sí i. "Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn wà nínú ẹ̀. Màmá ní àlejò tí yóò máa wá sílé wa déédéé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ṣọ, ó sì gbà á.