Arúgbó Orí Tábìlì Mi

Àbúrò mi ọkùnrin ló sọ kọ̀ǹpútà mi ní Arúgbó. Mi ò ní gbèjà rẹ̀ lásán: ó ń falẹ̀ lóòótọ́. Láàárọ̀, tí mo bá ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀, màá gbá ṣọ́ọ̀bù, màá nu fèrèsé, màá pọn omi, tí mo bá padà dé, á ṣì máa wò mí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ṣùgbọ́n òun ló ń darí ẹ̀rọ mi, ẹ̀rọ tó ń fi òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ. Gbogbo àpẹẹrẹ tí mo ti fọwọ́ ara mi yà látìgbà tí mo ti dá dúró, inú rẹ̀ ló wà.

Ọjọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé kan wá bá mi nípa báàjì aṣọ àwọn ọmọ wọn, Arúgbó dójú tì mí. Obìnrin náà ní kí n fi àpẹẹrẹ han òun. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Mo tún un tẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú dùdù. Ọ̀gá náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wá wo ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ní òdìkejì títì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ mi.

“Màdáámù, iṣẹ́ yín wù mí,” ó ní. “Ṣùgbọ́n tí mi ò bá rí báàjì lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ má bínú, ọ̀dọ̀ àwọn tọ̀hún yẹn ni màá gbé e lọ.”

Mo ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Tí ilé-ìwé yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ta ló tún máa fọkàn tán mi ní àdúgbò yẹn?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àbúrò mi gbé páálí kan wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe, ohun tuntun ló sì fẹ́ràn. Bàtà rẹ̀ kì í gbó kó tó fi tọrẹ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìyà tó gẹ́ẹ́. Mo ti ra òmíràn fún yín. Ẹ jẹ́ ká gbé Arúgbó yìí dà nù. Ohun tó bá ti gbó, ó ti gbó nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un rà á, ṣùgbọ́n irun èmi náà ti ń funfun, mi ò sì lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́ láìlo awò. Ta ló mọ̀ bóyá èmi ló kàn? Mo gbé e mì, mo dúpẹ́.

Tuntun náà ń dán, kí n tó ṣẹ́jú ó ti tàn. Ni mo bá fa okùn ẹ̀rọ mi. Okùn yẹn fẹ̀ lẹ́nu, ó sì ní eyín. Mo wo ẹ̀yìn tuntun, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ihò pẹlẹbẹ kéékèèké nìkan ló wà. Àbúrò mi sáré lọ ra okùn ìsopọ̀ kan, ẹ̀rọ mi ò dá a lóhùn rárá.

“Á jẹ́ pé ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀rọ òwú náà nìyẹn,” ó ní, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Gbọ́, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tú Arúgbó, ká wo ohun tó ń ṣe é.”

Ó tú u. Eruku inú rẹ̀ nípọn bíi kápẹ́ẹ̀tì, aáyán kan sì ti kú síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ará ilé rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń nu ẹ̀rọ òwú gbọ̀n ọ́n títí. Nígbà tí eruku lọ tán ni àbúrò mi rí i pé àyè méjì ni wọ́n ṣe fún mẹ́mórì tó ń mú kó yára, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ní nǹkan nínú. Èkejì ti ṣófo láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, “ebi ló ń pa nǹkan yìí.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dá kọ̀ǹpútà tuntun padà fún ẹni tó tà á, ó gba mẹ́mórì àti ibi ìkẹ́rùsí inú kọ̀ǹpútà tó yára dípò rẹ̀. A wá ń kó gbogbo ẹrù Arúgbó bọ́ sínú ibi ìkẹ́rùsí tuntun yìí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí jù. Tí àwọn àpẹẹrẹ mi bá sọnù, kí ni mo fẹ́ fi hàn pé mo ti ṣe láyé? Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró, títí àbúrò mi fi ní kí n yéé mí sí òun lọ́rùn.

Ó pa á dé. Mo tẹ bọ́tìnì, mo sì gbé ìgbálẹ̀ bí ìṣe mi. Mi ò tíì gbá dé abẹ́ tábìlì tí àbúrò mi fi pè mí.

“Ẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ló ń dúró dè.”

Gbogbo àpẹẹrẹ mi pé síbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó sọnù. Mo fún ẹ̀rọ òwú níṣẹ́, ó dáhùn, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu aṣọ. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo jó, ìgbálẹ̀ ò sì kúrò lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ilé-ìwé mú báàjì kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, torí ẹ̀yìn iṣẹ́ lèèyàn ti ń mọ ọ̀lẹ. Kò rí òwú kan tó ta kókó. Ó ní kí n ṣe ti àwọn olùkọ́ kún un. Ó wá yọjú wo orí tábìlì.

“Tuntun lẹ rà?”

Kí n tó la ẹnu, àbúrò mi ti gbé ọwọ́ lé Arúgbó lórí.

“Rárá o, mà,” ó ní. “Àgbà ni. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.”