Orúkọ Àjíbíkẹ́ Tó Fẹ́ Já Bọ́

Ní ìlú tí mo ń gbé báyìí, aládùúgbò mi lè máa gbé pósí sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí èmi náà máa gun òkè bọ̀, ká sì kọjá lára wa láìsọ nǹkan kan. Ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ṣe mí bákan, Bọ̀dá Olúbọ̀wálé ni mo máa ń rántí, ọkọ Ìyá Diamond, tí a jọ gbé ilé kan náà ní Òkòtà. Ará Èkìtì ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sì sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn tí kò ní kí i fún. Bí iná bá lọ, á kí ọ. Bí iná bá dé, á tún padà wá. Mo fá orí mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n kú ìfaradà abẹ.

Ìkíni yìí ló da ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ rú.

Aṣọ iléèwé ni Ìyá Diamond ń rán, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bọ́ládé, Òṣòdì. Àjíbíkẹ́ ló pe ṣọ́ọ̀bù náà, orúkọ ìyá tó bí i. Obìnrin kan tó ní iléèwé ńlá ní Ìsọlọ̀ wá sọ fún un pé òun máa gbé aṣọ gbogbo àwọn ọmọ òun fún un, bí òun bá ti rí iṣẹ́ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìyá Diamond ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi "dọ́ọ̀tì kọ́ọ̀mù" sí ìdí orúkọ ìyá rẹ̀, ó kọ ọ́ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ó tún ní kí wọ́n hun ún sára lébẹ́ẹ̀lì tó ń rán mọ́ ọrùn aṣọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti kọ orúkọ síta ti ni ín nìyẹn.

Ṣíjúadé, ọmọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ló wá bá a.

"Àǹtí, mo ṣí àdírẹ́sì tẹ́ ẹ kọ síta yẹn. Màmá àgbà kan ni mo rí, wọ́n ń gé kéèkì."

"Kéèkì kí ni?"

"Ti àádọ́rin ọdún."

Àṣé ẹlòmíràn ti ni orúkọ náà tipẹ́: Màmá Àjíbíkẹ́ kan ní Apákun, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ìbí fún un. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju Màmá, kéèkì, nọ́ńbà fóònù, àti àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ti ṣe àjọyọ̀ náà.

Ṣíjúadé ní kí Ìyá Diamond fọkàn balẹ̀. Ó ti yẹ̀ ẹ́ wò: owó ọdọọdún orúkọ náà ti tó san, kò sì sẹ́ni tó san án. Bí wọn ò bá san án títí, orúkọ á já bọ́, ẹni tó bá yá lọ́wọ́ á mú un. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa bá ènìyàn ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ.

"Backorder ni wọ́n ń pè é. Ó dà bíi kẹ́ ẹ gbé ẹnì kan kalẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń já báyìí, inú apẹ̀rẹ̀ yín ló bọ́ sí."

"Tí ẹni tó ni ín bá wá sanwó ńkọ́?"

"Máńgòrò ò já mọ́ nìyẹn. Torí náà, kẹ́nikẹ́ni má lọ rán wọn létí o."

Ìyá Diamond forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́rúkọ náà. Nígbà tó délé, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún ọkọ rẹ̀ níwájú mi. Ọkọ rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀.

"O wá jókòó, ò ń retí kí orúkọ àgbàlagbà bọ́ lọ́wọ́ wọn. O ò sì tíì kí wọn."

"Kí n kí wọn pé kí ni?"

"Ṣé ara wọn tiẹ̀ yá? Ẹni tó gbàgbé orúkọ ara ẹ̀, ṣé ó ń jẹun?"

"Bàbá Diamond, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò ní dárúkọ orúkọ. A kàn máa kí wọn ni, a máa padà sílé."

Ó fi ọ̀rọ̀ náà há ìyàwó rẹ̀ mọ́ títí di Sátidé. Èmi ni mo ní mọ́tò, èmi náà ni mo gbé wọn lọ, tàwọn ti búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lọ́nà, Ìyá Diamond ní kí ọkọ òun sọ ohun tó máa sọ, kí òun gbọ́.

"Ẹ kú ilé, Mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ ò rí wọn rí. Ọjọ́ mẹ́ta wo?"

Inú Màmá dùn láti rí wa ju bó ṣe yẹ lọ. Kò mọ ẹnì kankan nínú wa, ṣùgbọ́n ó gbà pé a ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òun rí. Ó ní èmi ni mo máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó gbé mọ́ínmọ́ín wá. Bọ̀dá Olúbọ̀wálé kí i kú àlejò, kú ìnáwó, kú ara líle, kú ilé mímọ́. Ìyá Diamond mú báàgì rẹ̀, a dìde, a dé ẹnu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ojú ọkùnrin náà yí padà. Ìkíni kan kù tí kò tíì kí, ó sì há a lọ́fun. Ìyá Diamond tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ńṣe nìyẹn jẹ́ kó tètè jáde.

"Mà, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ orúkọ yín tó fẹ́ já bọ́ yẹn o. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò."

"Orúkọ wo?"

Bí ọ̀gá iléèwé ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló tú jáde: kéèkì, máńgòrò, apẹ̀rẹ̀. Màmá pe ọmọ rẹ̀ lójú wa.

"Fọlọ́runṣọ́, wọ́n ní orúkọ mi fẹ́ já bọ́."

Fọlọ́runṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní lóòótọ́ làwọn kan ń kọ̀wé sí òun nípa owó náà, òun rò pé oníjìbìtì ni wọ́n. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti san án.

"Ẹ kú oríire, Mà," Bọ̀dá Olúbọ̀wálé ní.

Ìyá Diamond padà lọ jókòó. "Iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. Màmá wò ó títí, ó bi í irú aṣọ tó ń rán. Nígbà tó gbọ́ pé ti iléèwé ni, ó ní òun ò lè fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí ọmọ òun fún òun, ṣùgbọ́n àyè ṣì pọ̀ lábẹ́ kéèkì.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Fọlọ́runṣọ́ ṣí ọ̀nà fún Ṣíjúadé, ó sì to àwòrán aṣọ sábẹ́ àwòrán kéèkì. Nígbà tí oníléèwé Ìsọlọ̀ ṣí àdírẹ́sì náà, nọ́ńbà Màmá ló rí, òun ló sì pè. Màmá bi í bóyá omi ń yọ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, ó bi í iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kan, lẹ́yìn náà ó ní kó ka ìlọ́po méje fún òun. Lọ́jọ́ kejì obìnrin náà wá sí Bọ́ládé fúnra rẹ̀, ó gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, ó sì rọra béèrè bóyá alága ilé-iṣẹ́ wọn ṣì ń bínú.

Èmi àti Bọ̀dá Olúbọ̀wálé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Bí obìnrin náà ṣe lọ ni Ṣíjúadé yọjú.

"Àǹtí, ṣé kí n yọ yín kúrò lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́rúkọ yẹn?"

"Fi sílẹ̀ o jàre," Ìyá Diamond ní. "Ọmọ wọn tún lè gbàgbé lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọkọ rẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Bàbá Diamond, níbo lẹ ń lọ?"

"Apákun. Ó yẹ kí Màmá gbọ́ pé a ṣì ń dúró."

Mo wo ojú Ìyá Diamond. Mo wo ojú ọkọ rẹ̀. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi.