Aṣọ Tí Mo Ń Rán fún Kánnákánná

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi mọ ọkùnrin kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá wá sí ọjà àwọn ará àtijọ́ rí ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń yà lẹ́nu.

Pápá tó wà lẹ́yìn ìlú wa, Harlan Mills, ní Ohio, ni wọ́n ti ń ná ọjà náà, ní gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè, láti ìparí oṣù kẹjọ títí ewé igi fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Láwọn ọjọ́ yẹn, a kì í ṣe akọ̀wé, a kì í ṣe awakọ̀, a kì í ṣe ẹni tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù. Ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa, ti nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. A ó wọ irú aṣọ wọn, a ó máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, tàbí bí a ṣe rò pé wọ́n ń sọ ọ́, a ó sì máa jẹ́ orúkọ tí a fún ara wa. Èmi ni Olóyin, torí pé aṣọ tí mo wọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ pọ́n bí oyin. Kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ ilé lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ẹni tó bá béèrè ti ba eré jẹ́. Wọn kò kọ òfin yìí síbì kankan, ṣùgbọ́n èmi Verna dì í mú ju àwọn tó ni ọjà lọ.

Kánnákánná ni ọkùnrin tí mo ń wí yìí. Ìbòjú dúdú tó ní ẹnu ẹyẹ ló máa ń dé mọ́jú, kò sí ìgbà kan tí mo rí i láìsí i. Ó tú awọ àga ìjókòó kan tí wọ́n jù sẹ́bàá ọ̀nà, ó gé e ní ìyẹ́-ìyẹ́, ó sì fi ọwọ́ rán gbogbo rẹ̀ mọ́ aṣọ ìlékè kan tó gùn dé kókósẹ̀. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀, ohùn ìjòyè ààfin ni, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń fà nílẹ̀. N kò gbọ́ ohùn tirẹ̀ gan-an rí.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí etí aṣọ mi sódì, ó sì wo inú rẹ̀.

"Ìyáàfin, iwájú aṣọ yìí ń purọ́. Inú rẹ̀ ló ń sọ òótọ́. Ẹ̀rọ lẹ fi rán an."

"Ẹ gbé ẹnu ẹyẹ yín kúrò lára mi kí n tó hú u."

Ẹ̀rọ ni mo fi rán an lóòótọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ ra itan tòlótòló kan, a sì jọ jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi kan. Láti ọjọ́ yẹn, ní aago mẹ́rin gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, tí àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń ṣeré ogun bá ti fi ọ̀kọ̀ ta ara wọn lulẹ̀ tán, ibẹ̀ ni a máa ń pàdé.

Kí la ń sọ? Aṣọ ni. Àwa méjèèjì kì í ra aṣọ tuntun, ohun tí ayé ti jù nù la fi ń ránṣọ. Mo fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì ṣe ọrùn kíká, òun fi ọ̀pá ṣíbí tó lù pẹrẹsẹ ṣe bọ́tìnnì. Mo tú báàgì mẹ́ta tí àwọn ìyàwó ilé tó ti kú fi sílẹ̀, torí okùn awọ tó wà lẹ́nu báàgì náà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó bá gbẹ̀yìn ọjà, ó máa gé díẹ̀ fún mi nínú aṣọ tó fẹ́ lò lọ́dún tó ń bọ̀, kí tèmi lè bá tirẹ̀ mu. Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi máa ń rán an, bí mo bá sì ti ń rán an ni mo ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ síbí, nítorí n kò sọ ọ́ níbi tó yẹ.

Ní ìdúnta, ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn, ó fún mi ní ègé aṣọ búlúù kan. Kò dìde lẹ́yìn ìyẹn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, "Olóyin, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Orúkọ mi gan-an..."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. "Ẹ má bà á jẹ́," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ó wò mí díẹ̀, ó tẹrí ba bí ará ààfin, ó lọ. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ balẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fọ́ sí i lẹ́nu.

Lọ́dún tó kọjá, kò wá. Mo wọ aṣọ búlúù yẹn jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀sẹ̀ méjèèje. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Kánnákánná wo? Ó tó mẹ́fà tó wà níbí." Nígbà tí ọjà tú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn olóògbé nínú ìwé ìròyìn láràárọ̀, láì mọ èyí tí mo ń wá. Bí mo bá rí ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta, n ó wo àwòrán rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ojú ta ni mo fẹ́ dá mọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi Rhoda, tí a jọ ń gbé, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ mi ní oṣù kẹta ọdún yìí, ó gbé kọfí dání.

"Kí lo tún ń tú palẹ̀ yẹn?"

"Aṣọ ìkélé. Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n wó lẹ́bàá afárá ni wọ́n ti kó o jáde."

"Ta lo ń rán an fún?"

"Ara mi."

"Irọ́ ni. Ọkùnrin yẹn ti rí obìnrin tó jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti bá a lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kọfí yín ń tutù."

"Kó tutù. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni ẹ́, Verna. O mọ iye bọ́tìnnì tó wà lẹ́wù ẹnìkan, o kò mọ bó ṣe ń jẹ́. Tó bá kú, ìsìnkú ta lo máa lọ?"

Mo tún tú òwú mìíràn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, mo sì ti ń bá tèmi gbé kó tó dé ẹnu Rhoda. N kò ní ègé aṣọ kankan lọ́wọ́ tí màá fi mọ àwọ̀ tọdún yìí, nítorí náà mo rán aṣọ ìkélé pupa yẹn bó ṣe wù mí, ìpele mẹ́ta, ọwọ́ ni mo fi rán gbogbo rẹ̀, tinú tòde. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bí Kánnákánná bá dé, kò ní rí nǹkan kan sọ sí i.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá yìí, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, mo sì gbé agbọ̀n mi lé ìdajì kejì kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Aago mẹ́rin ti lu. Bàbá kan rọra ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀. Fìlà àwọn agbábọ́ọ̀lù ló dé, ó wọ ẹ̀wù aláìlọ́rùn àti ṣòkòtò ìgbafẹ́ aláwọ̀ eérú kan tó ti gbó. Ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan wálẹ̀. Ó gbé agbọ̀n mi kúrò, ó jókòó.

"Bàbá, ẹnìkan ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀."

"Ta ni?"

"Ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yin ará ọjọ́ iwájú, bẹ́ǹṣì tiyín pọ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àbí aṣọ tí ẹ fi sùn lẹ wọ̀ wá síwájú ọba?"

Báyìí la ṣe máa ń fi àwọn tó wọ aṣọ òde òní wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín ni. Bàbá yìí kò rẹ́rìn-ín.

"Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí ọ̀rẹ́ yín dé?" ló wí. Ọ̀rọ̀ ń fì lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyẹn kò kàn yín."

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìnira, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú etí aṣọ mi, ó sì yí i sódì. Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó fi aṣọ mi sílẹ̀ kí n tó pe àwọn ẹ̀ṣọ́.

"Aṣọ ìkélé," ló wí. "Ọwọ́ ni. Tinú tòde." Ó dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ.

Aṣọ là ń kí ká tó kí èèyàn. Èmi kò rí aṣọ kí, mo sì lé èèyàn. Mo ṣì jókòó síbẹ̀ tí mo ń bínú, mo ń tẹ́ etí aṣọ mi padà. Ìgbà náà ni mo bi ara mi pé ta ló ń wo inú aṣọ kó tó wo iwájú rẹ̀.

Mo sáré. Mo gbá ìpele mẹ́ta aṣọ mọ́ àyà, mo gba iwájú ẹni tó ń ṣe ọbabìnrin ọjà kọjá láì tẹrí ba, àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Mo bá bàbá náà níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń gbìyànjú láti bá a gbé ẹsẹ̀ wọnú ọkọ̀.

"Kánnákánná," ni mo wí.

"Ẹ ń mí bí ẹṣin."

Ohùn rẹ̀ gan-an nìyẹn, ohùn ọkùnrin Ohio tí ẹ máa gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ìṣó. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa dá mi mọ̀. Ẹ kò dá mi mọ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló dá padà fún mi. 

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní Marcy lorúkọ òun, ọmọ ẹ̀gbọ́n Kánnákánná lòun. Ó sọ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú lọ́dún tó kọjá nígbà tí ọjà kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, apá òsì kò ṣiṣẹ́ mọ́, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ló ń gbé báyìí. Wọ́n ti palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́.

"Aṣọ ẹyẹ yẹn ńkọ́?" ni mo bi í.

Marcy wo ilẹ̀. "Mo kó o fún ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé aṣọ eré ọmọdé ni. Kò lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Nígbà tó wá lè sọ̀rọ̀, Olóyin ló ń béèrè, èmi rò pé ó fẹ́ mu tíì olóyin. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni..."

"Fi sílẹ̀, Marcy," ni Kánnákánná wí. Ó yíjú sí mi. "Orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń jí mi. Òun ni wọ́n fi ń pè mí lọ wẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ife oògùn, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ṣòkòtò yìí. Ibí nìkan ni kò sẹ́ni tó fi pè mí rí."

Marcy ń wò mí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń dúró de èmi. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó. Ọdún kan gbáko ni mo fi wá a láàárín àwọn òkú.

"Má wulẹ̀ sọ ọ́, ọmọ mi," ni mo wí. "Kí lẹ ní nínú búùtù ọkọ̀ yín?"

Àpò ìdalẹ̀nù dúdú ló wà níbẹ̀, odidi ìdì kan, pẹ̀lú páálí bàtà. Sísọ́ọ̀sì kì í kúrò ní ìgbànú mi. Mo bọ́ ìpele òkè aṣọ mi, mo dà á bò ó léjìká, mo sì tẹ́ àpò náà sórí búùtù, mo ń gé e ní ìyẹ́-ìyẹ́. Marcy ń fi pínnì mú un mọ́ aṣọ.

"Ẹ ò tò ó dáadáa," ni Kánnákánná wí. "Ìsàlẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gòkè, bíi páànù ilé. Òjò á gba ọrùn mi wọlé."

"Òjò wo? Ẹ dákẹ́ kí n má bàa gún yín."

"Iṣẹ́ yìí burú. Ọlọ́pàá ọjà á mú wa."

Mo fi páálí bàtà gé ẹnu ẹyẹ, mo fi àpò wé e, mo sì so ó mọ́ ọn lójú. Ohùn ìjòyè yẹn padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ ń fì. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ fún mi lápá yín." Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ bi mí pé ta ni mo mú wá yìí. Mo ní Kánnákánná ni.

A jókòó títí ọjà fi tú. Mo ń gé ẹran tòlótòló wẹ́wẹ́ fún un. A sọ̀rọ̀ aṣọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Marcy ní àwọn nọ́ọ̀sì máa bọ́ gbogbo nǹkan yìí kúrò lára rẹ̀ kó tó sùn. Kánnákánná ní kí wọ́n wá bọ́ ọ. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi fún Marcy, n kò gba tirẹ̀, ó ní òun máa pè mí bí wọ́n bá fún òun láyè láti gbé e wá ní Sọ́ńdè.

Ọjọ́bọ̀ la wà lónìí, kò ì tíì pè. Orúkọ yẹn wà lẹ́nu ọmọ kan tó dúró níwájú mi gan-an, èmi ni mo ní kó gbé e mì. Bí wọn kò bá wá, kò sẹ́ni tí mo lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó pa á lẹ́nu mọ́. Mo ń rán aṣọ ìyẹ́ mìíràn fún un, apá òsì rẹ̀ ni mo ń ṣe lọ́wọ́. N kò wọn ọ́n, ojú ni mo fi díwọ̀n rẹ̀. Mo ń la apá aṣọ náà láti ejìká dé ọrùn ọwọ́, mo ń fi okùn sí i, kí ẹni tó bá ń wọ̀ ọ́ fún un má bàa fà á lápá.