Ìwé Kíkà Lójú Ilé Bọ́ọ̀lù

Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sì lòun. Bó bá ti ní òun máa ṣe nǹkan, ó di dandan kó ṣe é, ni gbogbo ilé bá ń pè é ní Kòyẹhùn. Ìwà rere ni, àmọ́ òun náà ló kó o sí wàhálà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé láago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, ìwé ìdánwò lòun máa kà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣe aṣọ́lé fáwọn ọmọbìnrin àdúgbò tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Ó ní kò burú. Àṣé aago mẹ́rin kan náà ni!

"Pa ọ̀kan tì," ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí.

"Èmi kẹ̀? Láéláé!"

Bó ṣe gbé ìwé bàólójì lọ sójú ilé bọ́ọ̀lù nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́hùn-ún, á máa kàwé. Bó bá ń bọ̀, á ki ìwé sábẹ́ abíyá, á fò. Nígbà tó yá, alátakò kan já bọ̀, ó ku òun àti Kòyẹhùn nìkan. Kòyẹhùn pariwo mọ́ ọn: "Iṣẹ́ wo ni kíndìnrín ń ṣe?"

Ọmọ náà dúró gbagidi. "Ó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀, ó tún ń..." Kó tó dáhùn tán, wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni bàbá yọ sí, téèpù lọ́rùn.

"Ìwé tó o ní o máa kà dà?"

"Òun nìyí lọ́wọ́ mi, sà. Mo ti dé ojú ewé kẹtàdínlógójì."

"Ṣé ìwé kíkà lèyí? Ó yá, nílé!"

"Sà, mo ti ṣèlérí pé ibí ò ní ṣófo."

Bàbá mí kanlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "Ó dáa. Lọ kàwé. Èmi á dúró síbí dípò rẹ."

Rẹfirí fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ṣòkòtò tó fẹ́ wọ̀ lọ́la ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó bá panu mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni bọ́ọ̀lù wọlé. Ìkẹta gba àárín ẹsẹ̀ bàbá kọjá bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ìkẹrin, ó kúkú gbá a mú; àfi bó ṣe tàkìtì wọlé tòun ti bọ́ọ̀lù.

Kòyẹhùn ti ka orí méjì nígbà tí bàbá tiro wọlé.

"Mélòó ni wọ́n gbá wọlé, sà?"

"Kàwé ẹ, jàre!"

Ìyá rẹ̀ tó ń gbọ́ wọn láti yàrá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Látọjọ́ náà, kí bàbá tó dá àkókò ìwé kíkà fún ọmọ rẹ̀, á kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà.